Ẹ Bi Wá: Ṣé SS ti níwòsàn, ṣé òjé ti ń di wúrà, àtàwọn ìbéèrè yín mìíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa l'Óṣogbo àti agbègbè ẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, fídíò àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri orí WhatsApp ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo fún àwọn kan láyè ju àwọn yòókù lọ torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. AS ni mí, AS ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ náà. A ti ń múra àtifi ara wa sílẹ̀, àfi bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe fi fídíò kan ránṣẹ́ pé àwọn òyìnbó ti rí ìwòsàn SS, wọ́n á kàn gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó tán nìyẹn. Báyìí ìdílé ẹ̀ ti ní ká máa wá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Alékúwodò)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni wọ́n rí i, ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ò gùn tó bí fídíò yẹn ṣe fà á.

Casgevy lorúkọ ìwòsàn tó ń sọ yẹn. Ìlú Ọba ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún kan náà. CRISPR ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ìyẹn gígé jíìnì (àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣiṣẹ́), òun náà ni Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna tìtorí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020.

Ẹ̀yin ìyá tó ti tọ́ ọmọ SS rí máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ yẹn tẹ́ ẹ bá bí i, kò sí nǹkan tó máa ṣe é, á máa rẹ́rìn-ín, á máa mu ọmú, àfi tó bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́fà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á dédé wú, tí á máa ké lóru tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀ sí tàgbà, tinú oyún yẹn kì í tẹ̀ kọrọdọ. Lẹ́yìn ìbí ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní BCL11A á wá máa pa á lẹ́nu mọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àgbà á gbapò, ìgbà yẹn ni SS á tó jáde síta. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí wá ṣe ni pé wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n gé ibi tó ń jẹ́ kí BCL11A ráyè ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, wọ́n dá a padà sára ẹni náà, ẹ̀jẹ̀ ìgbà ọmọ ìkókó sì padà wá. Nínú èèyàn 31 tí wọ́n ṣọ́ pẹ́ tó láti mọ èsì ẹ̀, 29 ló lo odidi ọdún kan ó kéré tán láìrí kíráísìs líle. Victoria Gray, obìnrin kan láti Mississippi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ọdún 2019 ni. Ẹni tí kíráísìs ti ń gbé dé ọsibítù látìgbà èwe, tó wá ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀ bíi gbogbo wa, ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ni. Mo gbé òṣùbà fún wọn tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì yẹn padà, wọ́n máa kọ́kọ́ fi kẹ́mò líle, irú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, pa èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun ẹni náà tẹ́lẹ̀, irun á re, ẹnu á degbò, ẹni náà á wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ṣeé ṣe kó má lè bímọ mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni ọdún 12 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Owó ẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, fún ẹnì kan ṣoṣo o. Ẹ̀gbọ́n tó fi fídíò ránṣẹ́ yẹn, ẹ rọra bi í pé ta ló máa san án.

Èyí tó wá kàn ẹ́ jù: ìwòsàn yìí ò dé ibi àtọ̀, kò dé ibi ẹyin. Ẹni tó gbà á tára ẹ̀ yá ṣì ń gbé S ẹ̀ kiri, á sì tún fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ jẹ́ AS, gbogbo oyún tẹ́ ẹ bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Àwọn kan máa ń rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀lé e ti bọ́ nìyẹn. Rárá o! Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo mọ ilé tí wọ́n ti bí mẹ́ta léraléra tí gbogbo wọn jẹ́ SS.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o fẹ́ ẹ tàbí kó o má fẹ́ ẹ, ìwọ àti ẹ̀ lẹ máa jókòó sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má torí fídíò yẹn wá ọjọ́ kankan.

Torí pé mo mọ̀ pé àwọn tó ti bí ọmọ SS náà ń ka abala yìí, ẹ gbọ́ èyí tó sún mọ́ wa jù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea, kò wọ́n bí ìyẹn rárá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ìwádìí kan tó ń jẹ́ REACH, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé tó lé ní 600 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé ìrora dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ibà pàápàá dín kù, àwọn tó ń kú náà dín kù. Nílẹ̀ adúláwọ̀ níbí ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ibà àti ẹ̀fọn tiwa yìí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí l'Óṣogbo ni kò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, fóòlíkì nìkan ni wọ́n mọ̀, ó sì ń dùn mí gan-an. Ẹ bi dókítà yín léèrè, ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísì, torí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bó ṣe ń lò ó.

Ẹ má sì rò pé tiwa ò sí níbẹ̀ o. Àgbo kan láti ilẹ̀ Yorùbá, ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà, ni iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, NIPRD, gbé yẹ̀ wò tí wọ́n fi ṣe oògùn Niprisan. Wọ́n dán an wò fún àwọn aláìsàn, kíráísìs wọn dín kù. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé gbogbo ọsibítù wa tipẹ́tipẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe irun ní ọjà Òrísunbáre ní abẹ́rẹ́ HIV ti jáde, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Ṣé ìwòsàn ni àbí kí ni?

ÌDÁHÙN: Ìwòsàn kọ́. Ẹni tí kò tíì ní kòkòrò yẹn ló ń gbà á kó má bàa kó o. Lenacapavir lorúkọ ẹ̀. Wọ́n dán an wò fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, àwọn 2,134 ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ yẹn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó kó HIV. Ẹ tún un kà: kò sí ẹyọ ẹnì kan. Irú èsì báyìí kì í wọ́pọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2025, oṣù tó tẹ̀lé e ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa lò ó. Ó wọ́n gan-an lọ́hùn-ún, àmọ́ wọ́n ti ṣàdéhùn pé láti 2027, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ Íńdíà bá ṣe á jẹ́ nǹkan bí 40 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè 120. Ẹni tó bá ti ní HIV, kó máa lo oògùn ẹ̀ lọ, kó má torí ìròyìn kankan dá a dúró.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin wà nídìí iṣẹ́ wúrà lágbègbè Iléṣà, ibẹ̀ ló ti ń rówó tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn òyìnbó ti ń fi òjé ṣe wúrà nínú ẹ̀rọ báyìí. Ṣé wúrà ò ní di ọ̀pọ̀ báyìí? Ṣé kí n ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe? (Bàbá kan ní Ọ̀tà-Ẹ̀fun)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ẹ fọkàn balẹ̀, wúrà ò ní torí èyí já lulẹ̀.

Òótọ́ ni pé òjé di wúrà. CERN, ibùdó ìwádìí fìsíìsì kan, ló ti ṣẹlẹ̀, lẹ́nu ibodè Switzerland àti Faransé, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò róbótó kan sábẹ́ ilẹ̀, téèyàn bá rìn ín yípo kìlómítà 27 ni, bí ẹni gbéra l'Óṣogbo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Iléṣà. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti ń mú kí átọ́ọ̀mù òjé sáré, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀, àwọn kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, àwọn kan lápá òsì, kí wọ́n lè forí sọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá forí sọ ara wọn, wọ́n á kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fẹ́ẹ́, àmọ́ agbára iná tó wà lára wọn pọ̀ débi pé ó lè gbọn nǹkan bọ́ lára ẹnì kejì bí wọn ò tiẹ̀ fara kanra. Ohun tó sọ òjé di òjé ni pé próótónù 82 ló wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ẹ̀. Wúrà ní 79. Tí ẹyọ kan bá bọ́ lára òjé, á di thallium, tí méjì bá bọ́, á di mákúrì, tí mẹ́ta bá bọ́, wúrà dé.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ ALICE ló kà á, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún 2025. Láàárín 2015 sí 2018, átọ́ọ̀mù wúrà tí wọ́n ṣe tó bílíọ̀nù 86. Ó dún bíi nǹkan ńlá létí, àbí? Ẹ wá mú gíráàmù kan ṣoṣo, ẹ pín in sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ẹ mú 29 nínú ẹ̀. Gbogbo wúrà ọdún mẹ́rin náà nìyẹn. Kò sì sí èyí tó pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹ̀ kó tó lọ gbá ògiri ẹ̀rọ tó sì fọ́ túútúú, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ kà á, torí ohun tó ń gbá ògiri báyẹn ń dín agbára ẹ̀rọ wọn kù. Kò sẹ́ni tó ń wá òwò nídìí ẹ̀.

Wúrà tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti wà kí ayé yìí fúnra ẹ̀ tó wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2017, àwọn onímọ̀ rí i bí ìràwọ̀ méjì tó ti kú ṣe kọlu ara wọn lókèèrè réré, ìmọ́lẹ̀ tó jáde níbẹ̀ sì fi hàn pé irú ibẹ̀ ni àwọn nǹkan wúwo bíi wúrà ti ń wá. Mo fẹ́ràn kí ọmọ yín mọ ìyẹn nígbà tó bá ń fọ yẹ̀pẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ bi mí díẹ̀. Ìlera ọmọ yín ló ń jẹ mí lọ́kàn ju iye tí wọ́n ń ta wúrà lọ. Òjé àti wúrà ti jọ pàdé rí nílẹ̀ wa níbí, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ kankan. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń wa wúrà nínú ẹ̀, wọ́n ń lọ òkúta yẹn nínú ọgbà ilé, eruku ẹ̀ bo ilé, bo oúnjẹ, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Mákúrì tún ni ìkejì. Àwọn tó ń fi í kó wúrà jọ máa ń pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ tó ti kúná, á gbá wúrà mú, wọ́n á wá sun ún lórí iná kí mákúrì lè gbẹ lọ, èéfín yẹn ò sì ṣeé rí, ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń lọ bá, oyún inú pàápàá kì í yè é. Èyí tó bá dé inú odò, ẹja á gbé e mì, àwa náà á jẹ ẹja. Ẹ sọ fún un kó má lọ òkúta nítòsí ilé, kó má sun mákúrì nínú yàrá, kó má wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé bá ọmọ. Àti odò náà, ẹni tó bá ti dé ojúbọ Ọ̀ṣun láìpẹ́ ti fojú ara ẹ̀ rí bí omi yẹn ṣe pọ́n. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra wọn kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Odò Ọ̀ṣun! Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn máa ká gbogbo wa lára ju wúrà òyìnbó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti wà, àbí irọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni mà. Méjì ló wà tí WHO fọwọ́ sí, RTS,S ní 2021 àti R21 ní 2023. R21 ni Nàìjíríà mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa ní oṣù kejìlá 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ máa gbà á, látoṣù márùn-ún lọ sókè. Níbi tí wọ́n ti dán an wò, ní Burkina Faso, Mali, Kẹ́ńyà àti Tanzania, ó dín ibà kù tó ìdá 68 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ wò ó mà, ìyẹn túmọ̀ sí pé ibà ṣì lè ṣe ọmọ tó gbà á, ẹ má ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì ní ibi tẹ́ ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àwọn ìbejì, wọ́n á sọ ibi tó dé dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ fìsíìsì ni mí ní UNIOSUN. Lọ́dún 2021 tíṣà wa ní wọ́n ti rí ẹ̀rí agbára tuntun kan lára muon, pé gbogbo ìwé fìsíìsì máa yí padà. Mi ò gbọ́ nǹkan mọ́. Ibo ni wọ́n bá a dé?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun tó o rántí, àwọn oníròyìn ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ìbátan electron, ohun tíntìntín tó ń yí po nínú átọ́ọ̀mù, ni muon, ó kàn wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 207 ni, kì í sì í pẹ́ kú. Ó ń já bọ́ látojú sánmà lọ́sàn-án lóru, bó o ṣe la àtẹ́lẹwọ́ ẹ báyìí, nǹkan bí ẹyọ kan ń gba àárín ẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbé e sínú mágínẹ́ẹ̀tì, á máa yí, àwọn onímọ̀ sì lè ṣírò bó ṣe yẹ kó yára tó. Tí ohun tí wọ́n wọ̀n bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣírò, ó lè jẹ́ pé ohun kan wà nílé ayé tí a ò tíì mọ̀. Òun ni wọ́n ń wá ní Fermilab, ibùdó ìwádìí fìsíìsì kan nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lò, òrùka tó fẹ̀ tó mítà 15, láti New York ni wọ́n ti gbé e wá ní 2013, lórí omi àti lórí ilẹ̀, odindi, torí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni aago wọn. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ti èsì síbi tó wù ú, wọ́n ní kí àwọn méjì kan tí kò sí nínú iṣẹ́ yẹn yí aago ẹ̀rọ náà díẹ̀, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n yí i sínú ìwé, kí wọ́n fi sínú àpòòwé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Gbogbo àwọn tó ń ṣírò, wọn ò mọ iye yẹn títí iṣẹ́ fi parí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé ni gbogbo wọn jọ mọ èsì.

Ní oṣù kẹrin 2021, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, òun ni tíṣà yín gbọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n gbé èsì ìkẹyìn jáde, ó péye ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ, iye tó jáde sì bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ohun tó yí padà ni ìṣirò. Àwọn mìíràn fi kọ̀ǹpútà ńláńlá tún un ṣe látìpìlẹ̀, ìṣirò tuntun yẹn sì wá sún mọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n, ìyàtọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Àwọn kan ní ìjákulẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Òǹkà tí wọ́n rí yẹn ti di òdiwọ̀n fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ mú ìmọ̀ràn tuntun wá, àríyànjiyàn sì ṣì wà láàárín àwọn oníṣirò lórí ìdí tí ọ̀nà àtijọ́ fi fún wọn ní iye tó yàtọ̀. Tó o bá ń wá ohun tí wàá ṣiṣẹ́ lé lórí, wo ibẹ̀ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé muon ò wúlò o. Òun ni wọ́n fi wo inú pírámíìdì ńlá Íjíbítì láìgbẹ́ ihò kankan, tí wọ́n fi rí àyè ńlá kan níbẹ̀ ní 2017, gígùn ẹ̀ tó 30 mítà ó kéré tán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọ́n jí ìkookò ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní dire wolf dìde lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìkookò òde òní ni, wọ́n yí ibi 20 padà nínú jíìnì ẹ̀ kó lè jọ ti àtijọ́. Iṣẹ́ tó le ni, àmọ́ òkú ò jí.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ní ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni sáyẹ́ǹsì ti ń ṣẹlẹ̀. Kí ni kí n wí fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí wọ́n wo Ẹdẹ. Ọkọ̀ kan péré láti Òṣogbo ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan wà nínú Redeemer's University níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ sí ACEGID, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ni olórí ẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti máa ka jíìnì àwọn kòkòrò tó ń fa àjàkálẹ̀ àrùn. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, Happi àtàwọn èèyàn ẹ̀ wà lára àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ wò tí wọ́n sì sọ pé òun ni. Wọ́n tètè mọ̀ ọ́n, wọ́n tètè wá gbogbo àwọn tó ti fara kàn án kàn, èèyàn 20 ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, àrùn yẹn sì kúrò. Ẹ bá wọn rò ó wò, Ebola, nínú Èkó tí èrò pọ̀ tó yẹn!

Nígbà tí Kòrónà dé ní oṣù kejì 2020, Ẹdẹ yìí náà ni wọ́n ti ka odindi jíìnì kòkòrò yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà sì ni. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá síbẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti mátíìsì ni kó mú ní ọ̀kúnkúndùn, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà dáadáa, torí iṣẹ́ jíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí. Ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé yín sọ ọ́, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí yunifásítì yẹn kí wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ lè wá wo ibẹ̀. Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ kọ̀wé sí wa kẹ́ ẹ sọ ohun tí àwọn ọmọ rí, a máa fún un ní ojú ìwé odindi.